Ìfúnpá mi ti wálẹ̀: ṣé kí n dá oògùn dúró?

Òǹkàwé wa kan kọ̀wé pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọkùnrin ẹni ọdún 56 ni mí. N kì í mu sìgá, mi ò sì ní àtọ̀gbẹ. Lóṣù 8 sẹ́yìn, ìfúnpá mi jẹ́ 162/98, LDL mi (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dí òpó ẹ̀jẹ̀) sì jẹ́ 168 mg/dL. Wọ́n kọ amlodipine 10 mg fún ìfúnpá àti atorvastatin 20 mg fún ọ̀rá fún mi. Ìfúnpá ti di 134/82 báyìí, LDL ti di 104. Àmọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi méjèèjì máa ń wú tó bá di ìrọ̀lẹ́, orúnkún ọ̀tún sì ń ro mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní oògùn ọ̀rá ló fà á, pé á sì tún ba ẹ̀dọ̀ mi jẹ́. Mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3, orúnkún ò yéé ro mí, ni mo bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Diclofenac ni mò ń gbé mì fún ìrora náà. Ní ti amlodipine, mo máa ń lò ó lónìí kí n fo ọ̀la, nọ́ńbà ò sì fi bẹ́ẹ̀ gòkè. Ṣé kì í ṣe pé ara mi ti yá? Ṣé kí n dá gbogbo rẹ̀ dúró, àbí títí ayé ni màá máa lò ó?”

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́, títí kan diclofenac, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà mọ́ oògùn rárá tí wọ́n bá ń ka ohun tí wọ́n ń lò fún dókítà. Ẹsẹ̀ ń wú, orúnkún ń ro, ẹ̀rù sì ń bà yín pé oògùn ti fẹ́ di ẹrù ayérayé. Gbogbo rẹ̀ ti wé mọ́ra wọn, ṣùgbọ́n ohun kan náà kọ́ ló fà wọ́n. Amlodipine ló ṣeé ṣe jù pé ó ń wú ẹsẹ̀ yín. Atorvastatin, níbi tí ọ̀rọ̀ yín dé yìí, kò jọ pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ti orúnkún. Èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu yín ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò kọ fún yín, ìyẹn diclofenac. Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ọ̀rá dúró. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín kó tún wọn tò, torí bí wọ́n ṣe wà yìí kọ́ ni wọ́n ṣe lè bá yín lára mu jù.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi 134/82 yẹn bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ẹni tó wà lórí oògùn ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í lé àìsàn náà lọ bí oògùn ibà ṣe ń pa kòkòrò ibà; ó ń tẹ ìfúnpá mọ́lẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nínú ara ni. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní i, kò sí ohun kan ṣoṣo tí a lè nàka sí pé òun ló fà á. Ohun tí a jogún, ọjọ́ orí, iyọ̀, ara sísan, òpó ẹ̀jẹ̀ tó ti ń le àti kíndìnrín tí kì í tètè da iyọ̀ nù ló para pọ̀. Oògùn kì í mú èyíkéyìí kúrò nínú wọn.

Ìdí tí fífo ọjọ́ kan kò fi hàn lójú ẹ̀rọ ni pé amlodipine máa ń pẹ́ nínú ara gan-an. Ó ń gbà tó wákàtí 30 sí 50 kí ìlàjì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá lo 10 mg lónìí tó fo ọ̀la, nǹkan bí 5 mg lójúmọ́ ló ń lò, kò kàn mọ̀ ni. Ẹ kò tíì dá a dúró nígbà náà. Ẹ kàn dín in kù ni. Tí ẹ bá wá dá a dúró pátápátá, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè lọ geerege, inú yín á dùn, ẹ ò ní wọn ara yín mọ́, nọ́ńbà á sì máa yọ́ gòkè díẹ̀díẹ̀ títí á fi padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Wọn kì í mọ̀ ọ́n lára, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà pariwo. Èyí kì í ṣe bárakú. Àìsàn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló tún yọjú. Lóòótọ́, àwọn oògùn kan wà tí dídá wọn dúró lójijì léwu fúnra rẹ̀: clonidine, tí ìfúnpá lè fò sókè láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí wọ́n bá já a, àti àwọn bíi atenolol, propranolol àti bisoprolol, pàápàá fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ní ìṣòro. Amlodipine kò sí lára wọn.

Kí dókítà tó yí ohunkóhun padà, ó ní láti mọ̀ bóyá nọ́ńbà tí ẹ ń rí jẹ́ òótọ́. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan wọn ara yín nílé, ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn, ẹ̀ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín èkíní àti èkejì. Fún ìṣẹ́jú 30 ṣáájú, kò gbọdọ̀ sí kọfí tàbí eré ìdárayá. Ẹ lọ tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Apá tí wọ́n wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ gbọdọ̀ wà lórí tábìlì, ní ìwọ̀n gíga ọkàn, láìsí ẹ̀wù lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀. Bí aṣọ ẹ̀rọ náà bá kéré jù fún apá yín, ó lè fi 5 tàbí 20 pàápàá kún nọ́ńbà òkè, wọ́n á sì máa fi oògùn kún oògùn nítorí aṣọ lásán. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan èyí tí kò dùn mọ́ yín, ẹ yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, kí ẹ wá wo ìpíndọ́gba ìyókù. 135/85 nílé dọ́gba pẹ̀lú 140/90 ní ọ́fíìsì dókítà. Fún ẹni ọdún 56 tí ara rẹ̀ gbà á, ibi tí ọ̀pọ̀ ìlànà ń lé báyìí kò tó 130/80. Nítorí náà 134/82 yín dára, ó sì ku díẹ̀.

Ó wá kan ẹsẹ̀ wíwú. Amlodipine máa ń la àwọn òpó tín-ín-rín tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá sínú ẹran ara, ṣùgbọ́n kì í la àwọn tó ń gbé e padà lọ sọ́dọ̀ ọkàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ya wọlé ju bó ṣe ń jáde lọ, omi rẹ̀ á sì máa jò síta sínú ẹran ara, pàápàá ní ìsàlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti dúró tàbí jókòó fún wákàtí púpọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń hàn, tí á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán tí ilẹ̀ bá mọ́. Kíndìnrín kọ́ ló ń kú lọ, omi kò sì pọ̀ jù nínú ara, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí oògùn tó ń mú ni tọ̀ kì í fi í ran irú wíwú yìí lọ́wọ́ púpọ̀. Ẹ óò rí ẹni tí wọ́n kọ furosemide fún nítorí ẹsẹ̀ tí amlodipine wú, tí wọ́n tún wá kọ pọ̀tásíọ́mù nítorí furosemide. Oògùn mẹ́ta fún ohun tí dídín ọ̀kan kù ì bá yanjú. Bí oògùn náà bá ṣe pọ̀ sí ni ẹsẹ̀ ń wú sí: lórí 10 mg, ó wọ́pọ̀ gan-an ju lórí 5 mg lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wo ẹsẹ̀ náà dáadáa. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú tó sì ń dun yín, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú òpó. Tí èémí bá ń há yín tí ẹ bá sùn gbalaja, kí wọ́n yẹ ọkàn wò. Tí ojú bá ń wú láàárọ̀ tí ìtọ̀ sì ń hó bí ọṣẹ, ọ̀rọ̀ kíndìnrín nìyẹn, wọn kò sì gbọdọ̀ dá amlodipine lẹ́bi fún un.

Ohun tí màá fẹ́ kí ẹ bá dókítà sọ ni pé kó dín amlodipine kù sí 5 mg lójoojúmọ́, kó wá fi oògùn ẹ̀yà mìíràn díẹ̀ kún un. Oògùn méjì níwọ̀nba máa ń ṣe ju oògùn kan tí wọ́n tì dé góńgó lọ. Tí wọ́n bá sọ oògùn kan di ìlọ́po méjì, àfikún tí ẹ máa rí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ẹ ì bá rí ká ní ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n fi kún un. Àléébù rẹ̀ ló máa ń di ìlọ́po. Àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń lò jù ni amlodipine àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀; àwọn tó ń mú ni tọ̀ níwọ̀nba bíi indapamide, chlorthalidone àti hydrochlorothiazide; àwọn tí orúkọ wọn parí sí “pril” bíi lisinopril àti perindopril; àti àwọn tó parí sí “sartan” bíi losartan, valsartan àti telmisartan. Fún aláwọ̀ dúdú, “pril” tàbí “sartan” ní òun nìkan kì í sábà lágbára tó, torí ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé iyọ̀ tí ara dì mú ló ń ti ìfúnpá sókè, kì í ṣe ọ̀nà tí àwọn oògùn wọ̀nyẹn ń dí. Tí a bá so wọ́n pọ̀ mọ́ amlodipine, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìwádìí CREOLE, tó jáde ní 2019, fi èyí wé ara wọn láàárín aláwọ̀ dúdú 728 ní orílẹ̀-èdè 6 ní Áfíríkà. Amlodipine pẹ̀lú hydrochlorothiazide, àti amlodipine pẹ̀lú perindopril, fẹsẹ̀ wẹsẹ̀, àwọn méjèèjì sì fi nǹkan bíi 3 ju perindopril pẹ̀lú hydrochlorothiazide lọ nínú bí wọ́n ṣe mú nọ́ńbà òkè wálẹ̀.

Nínú gbogbo rẹ̀, “sartan” ni màá yàn fún yín, bíi telmisartan 40 mg tàbí losartan 50 mg, torí pé ó ń la àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà náà, ẹsẹ̀ á sì fà díẹ̀. “Pril” ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó máa ń fa ikọ́ gbígbẹ tí kì í lọ, tó ń rin ọ̀nà ọ̀fun nìkan, bóyá lára ẹni 1 nínú 10. Ó tún lè mú kí ètè tàbí ahọ́n wú lójijì. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó wọ́pọ̀ lára aláwọ̀ dúdú ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì lè dí ọ̀nà èémí. Wọn kì í da “pril” pọ̀ mọ́ “sartan”. Kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti pọ̀tásíọ́mù yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ “sartan” àti láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 4 lẹ́yìn náà. Creatinine, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, lè gòkè díẹ̀. Bí kò bá ju 30 nínú 100 lọ, wọn kì í sábà já oògùn náà torí ẹ̀. Tí obìnrin tó ṣì lè lóyún bá ń ka ìdáhùn yìí, “pril” àti “sartan” léwu fún ọmọ inú, àyàfi kí òun àti dókítà rẹ̀ yan òmíràn.

Diclofenac ńkọ́? Ó ń jẹ́ kí kíndìnrín máa tọ́jú iyọ̀ àti omi, ó ń fún òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ kíndìnrín, ó sì ń ti ìfúnpá sókè. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bíi ibuprofen ń ṣe bákan náà. Ó lè jẹ́ pé òun ló ń jẹ́ kí ẹ wà ní 134 dípò 128, ó sì lè fi tirẹ̀ kún ẹsẹ̀ tó ń wú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lílò ó déédéé ń fi kún ewu kí ọkàn dáṣẹ́ sílẹ̀, èyí gan-an tí ẹ ń gbé oògùn méjì yòókù mì láti sá fún. Tí wọ́n bá wá fi “sartan” kún un, tí ẹ sì tún ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ lè dá kíndìnrín dúró, pàápàá lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bì tàbí tí ẹ ń yàgbẹ́ gbuuru. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ pe dókítà. Ó lè ní kí ẹ fi “sartan” àti ti ìtọ̀ sílẹ̀ títí ẹ óò fi lè jẹun, mu omi dáadáa. Fún orúnkún, jẹ́lì diclofenac tí wọ́n ń fi pa á lára sàn, torí díẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Eré ìdárayá tó ń fún itan lókun, tí wọ́n ń ṣe déédéé fún oṣù mélòó kan, wúlò ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Paracetamol dára lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òun náà lè gbé ìfúnpá sókè tí wọ́n bá ń lo 4 g lójúmọ́ lójoojúmọ́.

Ní ti atorvastatin, ẹ ti fúnra yín ṣe àyẹ̀wò tó dára jù: ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3, ìrora kò lọ. Ìrora tí irú oògùn yìí ń fà máa ń wà ní ẹran ara, kì í ṣe ní oríkèé. Itan méjèèjì, ìdí tàbí èjìká méjèèjì ló máa ń mú lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tàbí tí wọ́n fi kún un. Orúnkún kan ṣoṣo, ní ẹni ọdún 56, ọ̀rọ̀ oríkèé tó ń gbó ló jọ. Ìwádìí SAMSON ti 2020 kó àwọn 60 tó ti sá fún oògùn yìí nítorí ara ríro jọ, ó fún wọn ní oògùn gidi lóṣù kan, hóró tí kò ní oògùn nínú lóṣù mìíràn, àti òfo lóṣù mìíràn, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èwo ni oògùn nínú hóró méjèèjì. Nǹkan bí 90 nínú 100 ìnira tí wọ́n ní lórí oògùn ni wọ́n ní bákan náà lórí hóró tí kò ní oògùn nínú. Kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ara ń ro wọ́n lóòótọ́, oògùn náà kọ́ ni. Àmọ́ tí itan bá wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí dídìde lórí àga fi di iṣẹ́, tàbí tí ìtọ̀ dúdú bí kọfí, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà, kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò CK, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá iṣan ara ń bàjẹ́. Kò wọ́pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ṣeré.

Ẹ̀dọ̀ ni ibi tí oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́, bóyá ìyẹn ló sì bí ìtàn tí ọ̀rẹ́ yín gbọ́. Ó ń dín ọ̀rá tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ kù, ẹ̀dọ̀ á wá máa fa LDL mọ́ra láti inú ẹ̀jẹ̀ láti fi dí àlàfo náà. Láti 1987 tí àkọ́kọ́ wọn, lovastatin, ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà, ohun tí a rí ni pé nọ́ńbà àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ lè gòkè lára ẹni bí 1 nínú 100, tí á sì wálẹ̀ tí wọ́n bá dín oògùn kù. Ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́ gan-an ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ kan ṣáájú ti tó, àyàfi tí ojú bá pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè tàbí tí ìtọ̀ bá dúdú. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín kò sọ, tó sì jẹ́ òótọ́, ni pé ó lè ti ẹni tó ti wà létí bèbè àtọ̀gbẹ wọ inú rẹ̀ díẹ̀ ṣáájú àkókò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà yín wò lọ́dọọdún. Ẹ sì ṣọ́ra fún “oògùn ìbílẹ̀ ọ̀rá” tí wọ́n fi ìrẹsì pupa oníwùúkàrà àwọn ará Ṣáínà (red yeast rice) ṣe: monacolin K tó wà nínú rẹ̀ àti lovastatin, ohun kan náà ni. Ẹni tó bá lò ó mọ́ atorvastatin ń lo méjì pọ̀. Tí wọ́n bá kọ clarithromycin, oògùn apakòkòrò kan, fún yín fún àrùn mìíràn, ẹ rán dókítà létí pé ẹ wà lórí atorvastatin, torí ó ń jẹ́ kó kún jọ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá sì pààrọ̀ rẹ̀ sí simvastatin lọ́jọ́ kan, kò gbọdọ̀ ju 20 mg lọ níwọ̀n ìgbà tí amlodipine bá wà níbẹ̀.

Ẹ wá béèrè bóyá èrè rẹ̀ tó wàhálà náà. N kò ní parọ́ fún yín pé ẹni tí kò lò ó máa kú. Ká ní ewu àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ fún ẹni bíi tiyín jẹ́ 20 nínú 100 fún ọdún 10. Àwọn 80 kò ní rí nǹkan kan, wọn ì báà lo oògùn tàbí kí wọ́n má lò ó. Ní gbogbo ìgbà tí LDL bá fi 1 mmol/L, ìyẹn nǹkan bí 39 mg/dL, wálẹ̀, ewu náà máa ń fi bí ìdá kan nínú márùn-ún dín. Tiyín ti fi 64 wálẹ̀. Ẹni 20 yẹn á di nǹkan bí 13, láti ara oògùn ọ̀rá nìkan. Ìfúnpá tó fi 5 wálẹ̀ lórí nọ́ńbà òkè ń dín ewu kù pẹ̀lú bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, tiyín sì ti ju 20 lọ. Nítorí náà, oògùn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́ lórí ohun kan náà ni, kì í ṣe àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ń tọ́jú. Bóyá LDL 104 ti tó fún yín, ó kù sọ́wọ́ ewu yín lápapọ̀: ìdílé, kíndìnrín, àti bóyá òpó ẹ̀jẹ̀ ti ní ìdọ̀tí nínú. Tí dókítà bá fẹ́ kó tún wálẹ̀, sísọ atorvastatin di 40 mg á fi bí 6 nínú 100 péré kún un. Ezetimibe 10 mg, oògùn ọ̀rá ẹ̀yà mìíràn, tí wọ́n fi kún un á fi bí 20.

Títí ayé? Fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í ṣe dandan fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ sí i dáadáa, tó dín iyọ̀ àti ọtí kù, tó ń rìn kánkán lójoojúmọ́, tí ìfúnpá rẹ̀ nílé sì ti wà lábẹ́ 120 fún oṣù 6 tàbí ọdún kan, tàbí tí oyì ń kọ́ tó bá dìde, dókítà lè dín oògùn kan kù lẹ́ẹ̀kan, kó dúró fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 tí ẹ ń wọn ara yín, kó tó tún fọwọ́ kan òmíràn. Ó ń ṣeé ṣe fún àwọn kan, pàápàá àwọn tó wà lórí oògùn kan ní ìwọ̀n kékeré. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti 162 kì í sábà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ti ọ̀rá yàtọ̀: tí ẹ bá dá a dúró, LDL á ti padà sókè láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àárọ̀ tàbí alẹ́ tí ẹ bá ń lo amlodipine àti atorvastatin kò yàtọ̀. Ìgbà tí ẹ kò ní gbàgbé ni kí ẹ mú. Tí ẹ bá gbàgbé, ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá rántí lọ́jọ́ náà. Tó bá ti di ọjọ́ kejì, ẹ má lo méjì pọ̀.

Láti ibí yìí, n kò lè rí creatinine yín, pọ̀tásíọ́mù yín tàbí orúnkún náà, nítorí náà kì í ṣe èmi ló máa yan ìwọ̀n oògùn. Ẹ kó ìwé ìfúnpá ọjọ́ 7 àti páálí gbogbo oògùn tí ẹ ń gbé mì lọ́wọ́ lọ, títí kan ti ìrora. Ẹ sọ fún wọn láìfi bò pé ẹ ti ń fo ọjọ́ kan, torí dókítà tí kò mọ̀ á rò pé 10 mg kò ká a, á sì fi òmíràn lé e. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ padà sí lílò amlodipine lójoojúmọ́. Tí ẹ̀rọ bá fi 180/120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tún un wọ̀n. Tó bá ṣì wà níbẹ̀ tí àyà sì ń dùn yín, tí èémí há, tí ojú ṣú, tí ẹnu wọ́ tàbí tí apá kan kò ṣeé gbé, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé kò sí ìkankan nínú ìyẹn, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà, kí ẹ má sì fi nifedipine sábẹ́ ahọ́n bí àwọn kan ṣe ń ṣe; ó ń já ìfúnpá bọ́ lójijì, àwọn mìíràn sì ti gba ibẹ̀ ní rọpárọsẹ̀.